Ìgbéyàwó tí a fẹ́ fi owó ara wa ṣe: ibo gan-an ni a ti lè dín ìnáwó kù?

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Oṣù mẹ́wàá ló kù sí ìgbéyàwó èmi àti àfẹ́sọ́nà mi. Àwa méjèèjì la ó gbé ìnáwó rẹ̀, nítorí a kò fẹ́ ni àwọn òbí wa lára. A ti kọ iye tí a lè tù jọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a béèrè owó lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́, àròpọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí a ní. Àlejò 200 la fẹ́ pè. Èrò tèmi ni pé kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ìwé ìpè, òdòdó, kéèkì àti ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn, kí a sì bẹ ọ̀rẹ́ wa kan tó ní kámẹ́rà kó bá wa ya àwòrán. Àfẹ́sọ́nà mi ní kí a yá owó kún un, pé ẹ̀bùn tí àwọn àlejò bá mú wá yóò san án padà. Ẹnì kan tún gbà wá nímọ̀ràn pé kí a má ṣe jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ mọ̀ pé ìgbéyàwó ni, kí wọ́n má baà bù lé e. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ká tẹ̀ lé nínú gbogbo rẹ̀?"

Ẹ kú oríire, ẹ sì kú làálàá ètò. Lẹ́tà yín gbé ìbéèrè púpọ̀ dání, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni gbogbo wọn ti hù: ẹ mọ iye tí ẹ ní, ẹ sì ti ní irú ọjọ́ kan lọ́kàn, àwọn méjèèjì kò wá bára mu. Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn tọkọtaya ṣètò ìgbéyàwó, ó ṣọ̀wọ́n kí n tó rí àwọn tí iye àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́ kò ju ohun tó wà lọ́wọ́ wọn lọ, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ẹ̀yin nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yí padà ni ibi tí ẹ dojú kọ. Àwọn nǹkan tí ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe kì í sábà jẹ́ ibi tí owó pọ̀ sí jù. Ohun tó wúwo jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi ni àlejò 200, òun gan-an ni ẹ sì mẹ́nu kàn bí ẹni pé kò ṣeé fọwọ́ kàn.

Ọ̀nà méjì ni ìnáwó ìgbéyàwó pín sí. Apá kan ń pọ̀ bí orí ènìyàn bá ṣe ń pọ̀: oúnjẹ, ohun mímu, àga àti tábìlì, àwo àti ife, àwọn agbáwo, ìwé ìpè, ìwọ̀n kéèkì, àti bí gbọ̀ngàn ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Apá kejì dúró sójú kan, yálà àlejò 30 ló wá tàbí 300: aṣọ ìyàwó àti ti ọkọ, òrùka, ayàwòrán, olórin, owó ìforúkọsílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní gbogbo ìnáwó yín jẹ́ 100, tí 60 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ohun tó ń bá orí ènìyàn rìn. Bí ẹ bá dín àlejò kù láti 200 sí 150, ẹ ti yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú 60 yẹn, ìyẹn 15. Bí ayàwòrán bá sì jẹ́ 10 nínú 100 náà, tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì bá a ná an títí tó fi gé ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò, 1 péré ni gbogbo wàhálà yẹn mú wọlé. Mo ti rí àwọn tó jà fitafita lórí iye tí wọ́n ń tẹ ìwé ìpè, tí wọ́n sì fi orúkọ ènìyàn 30 kún àkọsílẹ̀ àlejò wọn lọ́jọ́ kan náà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ tó tún pe oníṣẹ́ kankan, ẹ kó gbogbo iye tí wọ́n ti dá lé e fún yín jáde, kí ẹ sì pín wọn sí apá méjì yìí. Ẹ̀yin fúnra yín yóò rí ibi tí owó ń gbà lọ.

Ẹ sì tún mọ̀ pé, yàtọ̀ sí oúnjẹ àti ohun mímu, tábìlì ni wọ́n fi ń ka ọ̀pọ̀ nǹkan lọ́jọ́ náà, kì í ṣe orí ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Bí tábìlì kan bá gba ènìyàn 10, tí ẹ yọ ènìyàn 4 kúrò níbẹ̀, tábìlì náà ṣì wà pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, òdòdó rẹ̀ àti agbáwo tó ń dá a lóhùn. Ìgbà tí gbogbo ẹni 10 bá kúrò ni owó tábìlì náà tó kúrò. Nítorí náà, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé orúkọ, ẹ gé e dé ibi tí tábìlì kan yóò fi lọ pátápátá. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn tọkọtaya ṣe ni pé kí kálukú jókòó lọ́tọ̀, kí ó kọ orúkọ àwọn tí kò lè ronú pé kí ọjọ́ náà kọjá láìsí wọn níbẹ̀. Ẹ ó wá pa ìwé méjèèjì pọ̀, ẹ ó sì ṣe òfin kan fún àwọn tó kù: bóyá pé ẹni tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún kan kò sí nínú rẹ̀, tàbí pé ẹ kò pe ọmọdé, tàbí pé àwọn ará ibi iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀ rárá. Òfin tó kan gbogbo ènìyàn bákan náà kì í dun ẹnikẹ́ni tó bí ìyọkúrò tó bá ẹnì kan ṣoṣo. Kí ìwé ìpè náà sì béèrè èsì, kí ó dárúkọ ẹni tí a pè, kí ó sì dá ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ wọlé, nítorí pé àwọn alásè sábà máa ń béèrè iye àlejò gan-an ní bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú. Gbogbo ẹni tí ẹ kà mọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn lẹ ó sanwó oúnjẹ rẹ̀, yálà ó wá tàbí kò wá. Ìpè orí fóònù rọrùn fún èyí ju bébà lọ, kì í ṣe nítorí owó ìtẹ̀wé nìkan, bí kò ṣe pé èsì máa ń tètè padà.

Mo mọ̀ pé yóò ti máa wá sọ́kàn yín pé ọjọ́ ayọ̀ láìsí èrò kì í dùn, n kò sì ní bá yín jiyàn pé irọ́ ni. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ní Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà, Andrew Francis àti Hugo Mialon, fi ìwádìí kan síta tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tó lé ní 3,000 tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó rí ní orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n rí i pé bí ìnáwó ìgbéyàwó bá ṣe pọ̀ tó ni ìgbéyàwó náà fi sábà máa ń kúrú tó, ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé àwọn tí èrò pọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn ló sábà máa ń pẹ́ pọ̀. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò fi hàn pé owó ló tú ilé àbí pé èrò ló mú un dúró. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ní ẹbí àti ọ̀rẹ́ púpọ̀ ti ní alátìlẹ́yìn tẹ́lẹ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó dé. Ohun tí èmi mú níbẹ̀ ni pé èrò púpọ̀ àti owó púpọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún àpò bíi tiyín: kí ẹ pe ènìyàn díẹ̀ kí ẹ sì fún wọn ní oúnjẹ àjẹyó, tàbí kí ẹ pe èrò tí ẹ fẹ́ kí ẹ sì fún wọn ní ìpápánu àti ohun mímu fún wákàtí díẹ̀. Ẹ̀kẹta, èrò púpọ̀ pẹ̀lú àsè kíkún, ni àpò náà kò lè gbé, òun sì ni ẹ ti ń béèrè iye rẹ̀ látìgbà yìí. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Èmi kò lè bá yín yan ọ̀kan nínú méjèèjì, nítorí ọ̀rọ̀ ohun tí ẹ fẹ́ràn ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ yan án kí ẹ tó lọ wo gbọ̀ngàn.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe é lódì. Wọ́n á kọ́kọ́ san owó gbọ̀ngàn tó wù wọ́n, gbọ̀ngàn náà á gba ènìyàn 250, àkọsílẹ̀ àlejò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú títí gbọ̀ngàn yóò fi kún, nítorí ojú ń tì wọ́n láti rí àga tó ṣófo. Àwọn gbọ̀ngàn mìíràn tún ní iye tó kéré jù tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ná lọ́dọ̀ wọn, tàbí iye àlejò tó kéré jù tí a ó sanwó fún. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, gígé orúkọ lẹ́yìn náà kò lè gbà yín.

Lẹ́yìn iye àlejò, ọjọ́ àti wákàtí ló tún kàn. Gbọ̀ngàn kan kò ní ju Sátidé 52 tàbí 53 lọ láti fi háyà lọ́dún, ọ̀pọ̀ tọkọtaya sì ń du àwọn díẹ̀ kan náà nínú wọn, àwọn tó bọ́ sí àkókò tí ojú ọjọ́ dára tàbí àkókò ìsinmi. Onígbọ̀ngàn mọ̀ pé bí ẹ̀yin kò bá gba irú Sátidé bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn yóò gbà á, kò sì rí ìdí tí yóò fi dín owó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá kọjá láìsí ẹni tó háyà gbọ̀ngàn kò ṣeé tà mọ́, nítorí náà ó máa ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó bá dárúkọ Ọjọ́bọ̀, tàbí àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tàbí oṣù tí ènìyàn kì í sábà ṣègbéyàwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ayàwòrán àti olórin. Dípò kí ẹ gbé ọjọ́ kan ṣoṣo lọ bá wọn, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé ọjọ́ wo ló ń nira fún wọn jù láti rí oníbàárà, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdáhùn wọn bá yín pinnu. Ẹ má ṣe gbàgbé o pé ọjọ́ iṣẹ́ lè sọ owó tó kúrò lọ́rùn yín di ti àlejò, nítorí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn yóò gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, bóyá fún ọjọ́ méjì. Bí ọ̀pọ̀ àlejò yín bá ń gbé nítòsí, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, èmi yóò kúkú yan Sátidé ní àkókò tí ọjà wọn kò yá. Ẹ tún yẹra fún ọjọ́ tó bá sún mọ́ 14 oṣù kejì bí ẹ bá fẹ́ lo òdòdó tútù, nítorí owó rẹ̀ máa ń gòkè nígbà náà.

Ti wákàtí ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Ẹni tí a bá pè ní aago kan ọ̀sán ń retí oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tí a bá pè ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ń retí oúnjẹ alẹ́ àti ijó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú dáadáa. Ẹni tí a bá pè láti aago mẹ́ta sí aago mẹ́fà, tí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé ìpápánu, kéèkì àti ohun mímu ló wà, yóò ti jẹun kó tó wá, kò sì ní rò pé a fi nǹkan dù ú. Àfi kí ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ìpè ni ìṣòro. Wákàtí mẹ́ta dípò méje tún máa ń dín owó ayàwòrán, ti olórin àti ti agbáwo kù lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé ẹ bẹ ẹnikẹ́ni. Bí ìsopọ̀ àti àpèjẹ bá sì lè wáyé ní ibì kan náà, owó ọkọ̀ lọ, ọ̀ṣọ́ ibi kejì lọ, wákàtí tí ayàwòrán ń lò lójú ọ̀nà náà lọ.

Ní ti ibi tí ẹ ó ti ṣe é, ẹ ṣọ́ra fún gbọ̀ngàn tí owó rẹ̀ bá kéré lójú. Ògiri àti òrùlé nìkan ni àwọn mìíràn ń háyà fún ènìyàn. Tábìlì, àga, aṣọ tábìlì, àwo, ilé ìdáná, ìmọ́tótó, ẹ̀ṣọ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo rẹ̀ lẹ ó wá san lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti ọgbà ilé ẹni tún burú jù nígbà mìíràn, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àgọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ń háyà, iná àti ètò fún òjò lè ju owó gbọ̀ngàn lọ. Ní ọwọ́ kejì, gbọ̀ngàn tó ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú iye kan lè dà bí ẹni pé ó gbówó lórí, kó sì jẹ́ pé òun ló rọjú jù nígbà tí ẹ bá ro ó tán. Ọ̀nà kan ṣoṣo láti mọ̀ ni kí ẹ kọ ìwé kan fún ibi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ títí dé orí ife omi, kí ẹ sì fi àròpọ̀ wé àròpọ̀. Ẹ béèrè bóyá owó orí ọjà àti owó agbáwo wà nínú iye tí wọ́n sọ, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kọjá àkókò, iye wákàtí tí ẹ ní láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ àti láti tú u, owó ìdúró tí wọ́n ń mú sílẹ̀ nítorí ìbàjẹ́ àti ìgbà tí wọ́n ń dá a padà. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n gbà kí ẹ gbé alásè àti ohun mímu tiyín wá. Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan ń gba owó lórí ìgò kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣí, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí wọ́n bá gbà á, ẹ wá ẹni tí yóò ta ohun mímu fún yín lórí àdéhùn pé yóò gba ìgò tí a kò ṣí padà.

Wàyí o, iṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Èrò pé ohun tí a fi ọwọ́ ara ẹni ṣe ló máa ń rọjú ni mo máa ń bá pàdé jù, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo máa ń wò kì í ṣe bó ṣe rọrùn láti ṣe tó, bí kò ṣe ìgbà tí a gbọ́dọ̀ ṣe é. Ohun tó bá ṣeé parí ní oṣù kan ṣáájú ni kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe: ìwé ìpè, káàdì orí tábìlì, àkójọ orin, ọ̀ṣọ́ aṣọ àti bébà, àwọn nǹkan tí ẹ lè yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Ohun tó bá jẹ́ pé ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn nìkan la lè ṣe é ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún oníṣẹ́, nítorí pé ọjọ́ méjì yẹn kì í ṣe tiyín. Àlejò á máa wọlé, fóònù á máa dún, ẹnì kan á ti gbàgbé nǹkan. Òdòdó tútù wà nínú ìsọ̀rí yìí. Ẹ gbọ́dọ̀ gé ìdí rẹ̀, kí ẹ fi sínú omi, kí ẹ wá ibi tútù fún un, kí ẹ sì dì í ní ìdájí tàbí alẹ́ tó ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ dín owó rẹ̀ kù, ẹ jẹ́ kí olódòdó lo èyí tó bá wà lásìkò, kí ewé pọ̀ nínú rẹ̀ ju òdòdó lọ, kí wọ́n sì gbé èyí tí wọ́n fi ṣe ìsopọ̀ lọ sí orí tábìlì àpèjẹ. Kéèkì alákòójọ àjà mẹ́ta náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń kọ́ ọ, nítorí ó nílò igi ìtìlẹ́yìn nínú kí ti òkè má baà rì sínú ti ìsàlẹ̀. Ẹ ní kí oníkéèkì ṣe kékeré kan tó lẹ́wà fún gígé níwájú èrò, kí ó sì ṣe pẹrẹsẹ tí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, èyí tí wọ́n ó gé láti inú ilé ìdáná fún àwọn àlejò. Adùn kan náà ni, ìnáwó rẹ̀ sì yàtọ̀ púpọ̀.

Ẹ kò sọ pé ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín se oúnjẹ, ṣùgbọ́n bí èrò náà bá wá lẹ́yìn, ẹ rò ó dáadáa. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí oúnjẹ gbígbóná wà ní ìwọ̀n tó ju 60°C lọ títí a ó fi bù ú, kí èyí tó yẹ kó tutù wà nísàlẹ̀ 5°C, kí oúnjẹ sísè má sì wà ní ìta lásán ju wákàtí méjì lọ. Ilé ìdáná inú ilé kò ní ohun èlò láti pa èyí mọ́ fún ènìyàn 150. Ìpápánu gbígbẹ tí kò tètè bàjẹ́ yàtọ̀. Ẹbí lè pín in ṣe láàárín ara wọn láìséwu.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín tó ní kámẹ́rà gba ìrònú ju bí ẹ ṣe rò lọ. N kò sọ pé kò mọ̀ ọ́n yà. Inú gbọ̀ngàn máa ń ṣókùnkùn, àwọn ènìyàn kì í dúró sójú kan, ohun tó bá sì fo ẹni lójú kò ṣeé tún ṣe. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun máa ń mú kámẹ́rà méjì dání, ó sì ń pa àwòrán mọ́ sí ibi méjì. Ọ̀rẹ́ yín náà yóò fẹ́ jókòó, yóò fẹ́ jẹun, yóò fẹ́ jó, bí àwòrán kò bá sì dára, ẹ kò ní lè bá a sọ ọ́. Èmi kì í gé owó níbi àwòrán nípa gbígbé iṣẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Wákàtí ni mo máa ń gé. Ẹ háyà oníṣẹ́ gidi fún wákàtí mẹ́ta, láti ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wọ aṣọ tán títí dé gígé kéèkì, kí ẹ gba àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà láìsí ìwé àwòrán. Ìwé àwòrán lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ yín lè wá máa ya ti ijó pẹ̀lú ayọ̀ lẹ́yìn tí oníṣẹ́ bá ti lọ.

Ẹni tó ní kí ẹ fi ìgbéyàwó pamọ́ fún àwọn oníṣẹ́ kò parọ́ pátápátá. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń bù lé owó kété tí wọ́n bá ti gbọ́ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojúkòkòrò nìkan ló ń fa ìyàtọ̀ náà. Iṣẹ́ ìgbéyàwó ń gba ìpàdé púpọ̀ ṣáájú, ó ń gba ìdánwò, ó ń gba ẹni tó dúró láti dí àlàfo bí àìsàn bá ṣe oníṣẹ́, kò sì sí ẹni tó lè ní kí a sún un di ọ̀la. Ẹni tí ẹ bá purọ́ fún pé ọjọ́ ìbí lásán ni yóò wá múra sílẹ̀ fún ọjọ́ ìbí lásán, yóò sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó kún owó nígbà tó bá dé ibẹ̀. Ibi tí ẹ ti lè dákẹ́ láìpurọ́ ni ibi tí wọn kò ti nílò láti mọ̀: háyà àga, ríra ohun mímu, aṣọ tábìlì. Fún àwọn tó kù, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ mẹ́ta, kí ẹ sì fi èsì wọn wéra. Bí iye náà bá ga, dípò tí ẹ ó fi sọ pé kí wọ́n dín owó, ẹ bi wọ́n pé kí ni a lè yọ kúrò nínú iṣẹ́ náà kí ó lè bọ́ sí iye tí ẹ ní. Ìbéèrè yẹn kì í bí oníṣẹ́ nínú, ó sì máa ń mú kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ pé kò pọn dandan.

Aṣọ àti òrùka kò ní gbà mí lákòókò. Aṣọ ìgbéyàwó funfun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀ranyàn di ìlúmọ̀ọ́ká lẹ́yìn tí Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ funfun ní ọdún 1840. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìyàwó níbẹ̀ ń wọ aṣọ wọn tó dára jù, àwọ̀ yòówù kó jẹ́, wọ́n sì ń tún un wọ̀. Kò sí ohun tó ní kí ẹ má ṣe háyà tàbí kí ẹ má ra èyí tí ẹnì kan ti wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣáà fi owó àtúnṣe aránṣọ àti owó ìfọṣọ kún un kí ẹ tó sọ pé ó rọjú. Bí ẹ bá fẹ́ òrùka dáyámọ́ńdì, èyí tí wọ́n ṣe ní yàrá ìwádìí jẹ́ dáyámọ́ńdì gidi ní ti ohun tó para pọ̀ di í, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti èyí tí wọ́n wà láti inú ilẹ̀. Àmọ́ kò ní mú owó púpọ̀ wá bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú.

Ó kù ọ̀rọ̀ owó yíyá, níbi tí mo ti yàtọ̀ sí àfẹ́sọ́nà yín gédégédé. Ká ní ẹ yá 100 fún oṣù 36, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Bí ó bá jẹ́ pé orí gbèsè tó kù ni wọ́n ń ṣírò èlé náà lé, nǹkan bí 141 lẹ ó san tán. Bí ó bá jẹ́ pé orí gbogbo 100 tí ẹ kọ́kọ́ yá ni wọ́n ń ṣírò ọ́ lé títí dé òpin, 172 ni. Ayánilówó lè pe méjèèjì ní ìdá méjì lóṣù, nítorí náà àpapọ̀ tí ẹ ó san ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ìdá èlé. Ní ti ẹ̀bùn, àlejò kò jẹ yín ní gbèsè. Òmíràn yóò mú owó wá, òmíràn yóò mú ohun èlò ilé wá, òmíràn yóò mú ara rẹ̀ wá, ìyẹn náà sì tọ́. Owó tí ẹ kò mọ iye rẹ̀, tí kò sì ní dé títí gbogbo oníṣẹ́ yóò fi gbowó wọn tán, kò ṣeé fi dúró fún gbèsè tó ní ọjọ́ ìsanwó. Ohun tí mo rí pé ó dára ju yíyá lọ ni kí ẹ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ lábẹ́ òfin lọ́jọ́ tí ẹ dá, pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́rìí àti àwọn tó sún mọ́ yín jù, kí àpèjẹ wá tẹ̀ lé e ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà nígbà tí owó bá pé. Àwọn kan kò fẹ́ pín in bẹ́ẹ̀, mo sì gba tiwọn náà rò.

Nínú iye tí ẹ ní, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ kí ẹ tó pín ohunkóhun, nítorí wákàtí tó bá kọjá, aṣọ tó bá fún, àti àlejò tí a kò retí. Owó àsansílẹ̀ tí ẹ bá fún oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé, kí ìwé náà sì sọ ọjọ́, wákàtí, iṣẹ́, iye tó kù, ìgbà tí ẹ ó san án, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀yin tàbí òun bá yẹ̀. Ẹ má ṣe san gbogbo owó tán ṣáájú fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀dínwó tó fi ń fà yín mọ́ra dára tó.

Ibì kan wà tí ìmọ̀ràn mi kò dé. Bí àwọn òbí yín bá ní kí ẹ pe àwọn ojúlùmọ̀ tiwọn, n kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàárín yín, n kò sì lè sọ ẹni tí ẹ lè yọ láìdá ìjà sílẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé ó sàn kí ẹ lọ bá wọn nísinsìnyí pẹ̀lú iye tábìlì tí ẹ lè fi sílẹ̀ fún wọn, kí àwọn fúnra wọn yan ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀, ju kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́yìn tí ìpè ti jáde. Oṣù mẹ́wàá ṣì tó. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ orúkọ, ẹ yan láàárín oúnjẹ àjẹyó àti ìpápánu, ẹ pín iye tí àwọn oníṣẹ́ sọ sí apá méjì tí mo wí, kí ẹ má sì san owó gbọ̀ngàn kankan títí ẹ ó fi ṣe é tán. Bí àròpọ̀ tuntun bá ṣì ju ohun tí ẹ ní lọ, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi láìkọ orúkọ oníṣẹ́ kankan sí i, kí n lè rí apá tó ti wú.